Àjọṣe Àwọn Tí Kò Fojú Kan Ara Wọn

Àwọn baba wa wí pé ojú lọ̀rọ̀ wà, wọn kò sì wí i lásán, nítorí pé ẹnikẹ́ni tí ó bá ti jókòó rí níbi tí àwọn àgbà gbé ń parí ìjà yóò ti rí i pé ohun tí ẹnu kò sọ ni ojú ń sọ: ojú a máa tijú, ojú a máa bẹ̀bẹ̀, ojú a máa kìlọ̀ fún ọmọ tí a kọ́ tí ó gbà, ojú a sì máa tú àṣírí ẹni tí ń fi ẹnu rojọ́ òdodo nígbà tí ọkàn rẹ̀ mọ̀ pé irọ́ ni. Ṣùgbọ́n ayé ti yí dé ibi tí ọ̀pọ̀lọpọ̀ ènìyàn jọ ń ṣe iṣẹ́ kan náà, tí wọ́n jọ ń jẹ èrè rẹ̀, tí wọ́n sì jọ ń ru ẹ̀bi rẹ̀, tí wọn kò sì ní fojú kan ara wọn títí ọlọ́jọ́ yóò fi dé. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan wà ní Ìbàdàn, ọ̀gá rẹ̀ wà ní London, ẹni tí yóò yẹ iṣẹ́ rẹ̀ wò wà ní Houston. Orí ayélujára ni wọ́n ti pàdé, orí ayélujára náà ni wọn yóò sì ti pínyà. Bí ó bá jẹ́ pé ojú lọ̀rọ̀ wà ní tòótọ́, níbo ni ọ̀rọ̀ àwọn wọ̀nyí wà? Kí ni ó so wọ́n pọ̀, kí ni ó sì lè mú kí ẹnì kan gbẹ́kẹ̀ lé ẹni tí kò mọ ilé rẹ̀, tí kò mọ ìyá rẹ̀, tí kò tilẹ̀ lè fọwọ́ sọ̀yà pé orúkọ tí ó ń jẹ́ ni orúkọ tí a sọ ọ́? Ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé àwọn oníṣẹ́ ẹ̀rọ ni ìbéèrè yìí kàn. Ṣùgbọ́n lójú tèmi, ìbéèrè nípa ìwà ni, ó sì jinlẹ̀ tó èyíkéyìí tí àwọn onímọ̀ ẹ̀sìn ti bèèrè rí.

Kí a tó gbìyànjú àtidáhùn, ẹ jẹ́ kí a rántí pé àwọn baba kan náà tí wọ́n wí pé ojú lọ̀rọ̀ wà ni wọ́n tún wí pé ojú là rí, ọ̀rẹ́ ò dénú. Òwe méjèèjì kò ta ko ara wọn bí a bá fi sùúrù wò wọ́n. Èkínní ń kọ́ wa pé ojú jẹ́ ẹlẹ́rìí tí a kò gbọdọ̀ kóyán rẹ̀ kéré. Èkejì ń kìlọ̀ fún wa pé ẹlẹ́rìí náà a máa jẹ́rìí èké. Mélòó ni àwọn tí wọ́n ti jọ ń jẹun nínú àwo kan náà láti ìgbà èwe, tí ọ̀kan sì ta èkejì nígbà tí ọ̀rọ̀ owó dé? Mélòó ni àwọn oníṣòwò tí ṣọ́ọ̀bù wọn fẹ̀gbẹ́ kẹ̀gbẹ́, tí wọ́n ń kí ara wọn tẹ̀ríntẹ̀rín láàárọ̀, tí ọ̀kan sì ń gbẹ́ kòtò fún èkejì lóru? Olódùmarè nìkan, Ọba arínúróde, Olùmọ̀ràn ọkàn, ni ó ń rí inú ọmọ ènìyàn. Àwa ẹ̀dá, yálà a jókòó ti ara wa ni o, tàbí òkun ńlá ni ó là wá láàárín, orí ìgbàgbọ́ ni gbogbo àjọṣe wa dúró lé. Nítorí náà ẹni tí ń bá àwọn tí kò rí ṣiṣẹ́ kò bọ́ sínú ewu àjèjì kankan. Ewu tí gbogbo wa ti wà nínú rẹ̀ láti ìpilẹ̀ṣẹ̀ ayé ni ó wá hàn sí i gedegbe.

Iṣẹ́ òkèèrè kò tilẹ̀ ṣàjèjì sí wa bí a ti ń rò. Kí ìwé kíkọ tó dé ọ̀dọ̀ wa ni àrokò ti wà, tí ọba yóò so owó ẹyọ mọ́ okùn, tí yóò fi rán ìránṣẹ́ sí ọba mìíràn ní ìlú tí ó jìnnà: bí owó ẹyọ méjì bá kọjú sí ara wọn, ọ̀rọ̀ ìfẹ́ ni, bí wọ́n bá kẹ̀yìn sí ara wọn, ìjà ti wọ̀ ọ́ nìyẹn. Nígbà tí ìwé sì dé, àwọn àmì tí ó wà lábẹ́ ẹ, ọ àti ṣ tí ẹ ń kà lójú ìwé yìí kì í ṣe iṣẹ́ àwọn tí ó jókòó sínú yàrá kan. Samuel Àjàyí Crowther àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ wà ní ilẹ̀ Yorùbá, Henry Venn, akọ̀wé ẹgbẹ́ míṣọ́nnárì CMS, wà ní London, ọ̀jọ̀gbọ́n Lepsius wà ní Berlin, lẹ́tà tí ọkọ̀ ojú omi ń gbé lọ tí ó sì ń gbé bọ̀ fún ọ̀sẹ̀ púpọ̀ ni wọ́n fi ń bá ara wọn jíròrò, kí ìpàdé Èkó ti ọdún 1875 tó fi ìdí ọ̀ràn àkọtọ́ múlẹ̀, kí odindi Bíbélì ní èdè Yorùbá sì tó jáde ní ọdún 1884.

Ṣùgbọ́n àpẹẹrẹ tí ó wọ̀ mí lọ́kàn jù ni ti Pọ́ọ̀lù Àpọ́sítélì, ẹni tí ó fi lẹ́tà tọ́jú ìjọ káàkiri ilẹ̀ Gíríìsì àti Éṣíà, tí ó kọ ìwé gígùn sí àwọn ará Róòmù kí ó tó tẹ ìlú wọn rárá, tí ó sì ń jìjàkadì nítorí àwọn ará Kólósè tí wọn kò rí ojú rẹ̀ rí. Ìṣòro tí àwa ń bá yí lónìí bá òun náà, nítorí pé ó ní láti kìlọ̀ fún àwọn ará Tẹsalóníkà pé kí ìwé tí a kọ bí ẹni pé ọ̀dọ̀ òun ni ó ti wá má ṣe kó ṣìbáṣìbo bá wọn. Ìdí sì nìyẹn tí ó fi máa ń fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ ìkíni ìgbẹ̀yìn, kí ó lè jẹ́ àmì fún wọn. Ẹ tún wo bí ìwé rẹ̀ sí àwọn ará Róòmù ṣe parí: orúkọ ènìyàn lọ́kùnrin lóbìnrin ni ó tò jọ níbẹ̀, Fébè, Pírísílà àti Ákúílà àti àwọn mìíràn, tí ó ń sọ làálàá tí olúkúlùkù ti ṣe, kí iṣẹ́ ẹnikẹ́ni má bàa di ìgbàgbé. Yàtọ̀ sí èyí, ó ń gba owó jọ lọ́wọ́ àwọn ará Makedóníà fún àwọn aláìní Jerúsálẹ́mù, ìlú tí ọ̀pọ̀ nínú wọn kò dé rí, ó sì là á mọ́lẹ̀ fún àwọn ará Róòmù pé gbèsè ni, kì í ṣe ọrẹ àánú lásán, nítorí pé ẹni tí ó bá jẹ nínú ohun ẹ̀mí àwọn ará Jerúsálẹ́mù yẹ kí ó fi ohun ti ara ràn wọ́n lọ́wọ́. Ohun mẹ́ta ni mo rí níbẹ̀: ẹni tí ó ṣe iṣẹ́ fi ọwọ́ sí i, a dárúkọ ẹni tí ó ṣe làálàá, àwọn tí wọ́n jẹ nínú èrè sì ru nínú ẹrù. Ẹ jẹ́ kí a mú wọn dání bí a ti ń bọ̀ sí ayé tiwa.

Ní ọjọ́ 25 oṣù kẹjọ ọdún 1991, akẹ́kọ̀ọ́ ọmọ ọdún 21 kan ní Yunifásítì Helsinki ní orílẹ̀-èdè Finland, Linus Torvalds, kọ lẹ́tà kúkúrú kan sórí íntánẹ́ẹ̀tì pé òun ń ṣe ètò kọ̀ǹpútà kan bí eré ọwọ́dilẹ̀, pé kò ní tóbi, ó sì bi àwọn tí ó bá kà á léèrè ohun tí wọ́n ń fẹ́ nínú rẹ̀. Ohun tí ó ti inú lẹ́tà yẹn jáde ni Linux, tí ó wà ní ìdí gbogbo fóònù Android, títí kan èyí tí ìyá ẹlẹ́ja ní ọjà Dùgbẹ̀ fi ń wò ó bóyá owó oníbàárà ti wọlé. Láti ọdún 2017 sì ni gbogbo 500 kọ̀ǹpútà tí ó lágbára jù lọ lágbàáyé ti ń lò ó. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn láti orílẹ̀-èdè púpọ̀ ni ó ti dá ọwọ́ jọ kọ́ ọ, ọ̀pọ̀ nínú wọn kò sì pàdé rí. Bí ẹnì kan bá ṣe àtúnṣe sí ìlà mélòó kan, yóò kọ ohun tí ó ṣe àti ìdí tí ó fi ṣe é, yóò fi íméèlì ránṣẹ́ sí gbangba, àwọn tí ó mọ ibẹ̀ yóò kà á, wọn yóò bi í léèrè ọ̀rọ̀, ẹni tí ń tọ́jú apá ibẹ̀ yóò gbà á tàbí kí ó dá a padà. Láti ọdún 2004, iṣẹ́ kan kò gbọdọ̀ wọlé láìjẹ́ pé ẹni tí ó ṣe é kọ orúkọ àti àdírẹ́sì rẹ̀ sí ìsàlẹ̀, tí ó fi jẹ́rìí pé òun ní ẹ̀tọ́ láti fi iṣẹ́ náà sílẹ̀ fún aráyé. Ẹni tí ó sì gbà á lọ́wọ́ rẹ̀ yóò kọ tirẹ̀ tẹ̀ lé e. Ìwé ìrántí tí wọ́n ń kó gbogbo rẹ̀ pamọ́ sí, tí Torvalds bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 2005 tí a ń pè ní Git, ní èdìdì tí ó so ti òní mọ́ ti àná, tí ó fi jẹ́ pé ẹni tí ó bá yọ́ lọ yí ti àná padà yóò ba èdìdì ti òní jẹ́ lójú gbogbo ènìyàn. Bí Pọ́ọ̀lù ti ń fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ ìkíni, bẹ́ẹ̀ ni àwọn wọ̀nyí ń fi orúkọ ara wọn dúró lẹ́yìn iṣẹ́ ọwọ́ wọn.

Ṣùgbọ́n ìfọwọ́sí nìkan kò tó. Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2018, Torvalds fúnra rẹ̀, tí gbogbo ayé mọ̀ sí ọlọ́gbọ́n, kọ̀wé sí àwọn alájọṣe rẹ̀ pé àwọn ọ̀rọ̀ gbígbóná tí òun ti ń kọ sí wọn fún ọdún pípẹ́ kò yẹ ọmọlúàbí, ó tọrọ àforíjì, ó sì fi iṣẹ́ sílẹ̀ fún ìgbà díẹ̀ kí ó lè lọ kọ́ bí a ti ń mọ ohun tí ó ń dun ẹlòmíràn. Ìwà akin ni mo ka èyí sí. Bàbá tí ó bá bá ọmọ rẹ̀ wí kíkankíkan láàárọ̀ lè pè é wá jẹun lọ́sàn-án, kí ohùn rẹ̀ tí ó ti rọ̀ sì fọ ọ̀rọ̀ àárọ̀ kúrò lára ọmọ náà. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ tí a kọ ránṣẹ́ kò ní ohùn, kò ní ẹ̀rín, kì í sì í rọ̀. Ibi tí a kọ ọ́ sí ni yóò wà, tí ẹni tí a kọ ọ́ sí yóò máa padà lọ kà á ní òru, tí yóò sì máa gún un lọ́tun lọ́tun. Ẹyin lohùn, bó bá balẹ̀, fífọ́ ní ń fọ́; èyí tí a kọ sílẹ̀ kò sì dẹ́kun fífọ́. Nítorí náà ni ó fi yẹ kí ẹni tí ń ṣe àtúnṣe iṣẹ́ ẹlòmíràn láti òkèèrè fi sọ́kàn pé bí a bá rán ni níṣẹ́ ẹrú, à fi tọmọ jẹ́ ẹ.

Ó ku ìtàn kan tí ó fi hàn pé orúkọ lè wà ní ìsàlẹ̀ iṣẹ́, kí ọ̀rọ̀ pẹ̀lẹ́ sì wà lẹ́nu òṣìṣẹ́, síbẹ̀ kí ilé fẹ́rẹ̀ẹ́ wó. Ètò kọ̀ǹpútà kan wà tí ń jẹ́ XZ Utils, tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ láti fún fáìlì ńlá pọ̀ kí ó má gba àyè púpọ̀. Ohun kékeré ni lójú, ṣùgbọ́n ó wà nínú àìmọye kọ̀ǹpútà tí ó gbé ayélujára ró, ọkùnrin kan ṣoṣo, ará Finland, ni ó sì ń tọ́jú rẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún láìgba kọ́bọ̀. Ní ọdún 2022, àwọn orúkọ kan tí ẹnikẹ́ni kò mọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí kọ̀wé ẹ̀sùn ní gbangba pé iṣẹ́ rẹ̀ falẹ̀ jù, pé kí ó gbé e fún ẹlòmíràn. Ọkùnrin náà dá wọn lóhùn pé àìlera ọkàn ti ń bá òun fínra fún ìgbà pípẹ́, àti pé iṣẹ́ ọ̀fẹ́ ni òun ń ṣe. Ní àkókò yẹn gan-an ni ẹnì kan tí ó pe ara rẹ̀ ní Jia Tan, tí ó ti ń fi àtúnṣe ránṣẹ́ láti ọdún 2021, ń sún mọ́ ọn díẹ̀díẹ̀ pẹ̀lú ọ̀rọ̀ tútù àti iṣẹ́ àṣekára, títí ó fi gba kọ́kọ́rọ́ ilé, tí ó sì di pé òun fúnra rẹ̀ ni ó ń gbé iṣẹ́ náà jáde fún aráyé. Ní oṣù kejì ọdún 2024, ẹ̀dà tuntun jáde. Jia Tan ti fi ilẹ̀kùn ìkọ̀kọ̀ kan pamọ́ sínú rẹ̀, èyí tí ẹni tí ó ni kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ yóò lè gbà wọ inú kọ̀ǹpútà onílé láìkan ilẹ̀kùn. Kò sí ẹni tí ó tíì fi ojú rẹ̀ han aráyé títí di òní, ọ̀pọ̀ àwọn tí ó ṣe ìwádìí sì gbà pé ibì kan náà ni àwọn ọ̀rọ̀ líle wọ̀nyẹn àti ọwọ́ rírọ̀ yìí ti wá.

Bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ yóò bá a. Òṣìṣẹ́ kan ní ilé-iṣẹ́ Microsoft, Andres Freund, ń ṣe iṣẹ́ tirẹ̀ lọ́tọ̀ nígbà tí ó ṣàkíyèsí pé ìwọlé sí kọ̀ǹpútà kan ń pẹ́ ju bí ó ti yẹ lọ ní nǹkan bí ìdajì ìṣẹ́jú-àáyá. Ta ni ìbá bìkítà? Ó tọpasẹ̀ rẹ̀ títí ó fi kan ilẹ̀kùn náà, ó sì kéde rẹ̀ ní ọjọ́ 29 oṣù kẹta ọdún 2024, tí í ṣe ọjọ́ Ẹtì Rere, kí ó tó tàn dé ibi tí apá kò ní lè ká a mọ́.

Lẹ́yìn ìgbà náà, àwọn ọ̀mọ̀ràn wí pé kí a túbọ̀ máa yẹ iṣẹ́ wò, kí a sì máa wádìí orúkọ, ọ̀rọ̀ wọn sì dára. Ṣùgbọ́n ohun kan wà nínú ìtàn yìí tí kò jẹ́ kí n sinmi. Nínú òwe tí Jésù pa nípa ọkùnrin tí ó bọ́ sọ́wọ́ olè lójú ọ̀nà Jẹ́ríkò, àlùfáà kọjá lọ, ọmọ Léfì kọjá lọ, ẹni rere kan láti Samáríà ni ó dúró. Nínú ìtàn tiwa yìí, ọkùnrin kan wà lójú ọ̀nà tí ó ti rẹ̀, tí ó sì sọ ọ́ jáde ní gbangba pé ó ti rẹ òun. Àwọn ilé-iṣẹ́ ńláńlá tí ń jẹ nínú iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ kọjá lọ, àìmọye ènìyàn tí iṣẹ́ náà ń ṣe láǹfààní kọjá lọ, wọn kò sì burú, iṣẹ́ tiwọn ni wọ́n ń sáré sí. Ẹni tí ó dúró, tí ó bẹ̀rẹ̀ tí ó gbé ẹrù lórí rẹ̀, olè ni. Olè ráàyè wọlé nítorí pé àwọn ènìyàn rere ti ṣí kúrò níbi tí ó yẹ kí wọ́n dúró sí.

Ibí yìí ni mo ti rí ìdáhùn sí ìbéèrè tí a fi bẹ̀rẹ̀. Ẹnì kan lè bi mí pé bí òpùrọ́ bá lè ṣe iṣẹ́ rere fún ọdún méjì, kí ni a ó fi mọ ìwà? Èmi náà gbà pé a lè fi ẹ̀tàn ṣe aápọn, a lè fi ẹ̀tàn ṣe pẹ̀lẹ́, a sì lè fi ẹ̀tàn ní sùúrù, nítorí pé inú ènìyàn jìn, Ọba arínúróde nìkan ni ó dé ìsàlẹ̀ rẹ̀. Ṣùgbọ́n a kò pè wá láti máa rí inú ara wa. Ohun tí a pè wá sí ni kí a má ṣe jẹ́ kí ẹnì kan ṣoṣo dá dúró lẹ́nu ibodè. Ọwọ́ kan kò gbẹ́rù dórí. Bí ènìyàn márùn-ún bá jọ ru ẹrù kan, tí olúkúlùkù mọ ìwúwo rẹ̀, òpùrọ́ tí ó bá wà láàárín wọn kò ní rí ibi kọ́lọ́fín tí yóò gbẹ́ kòtò sí, bí ẹnì kan bá sì rẹ̀, ọwọ́ mẹ́rin ti wà lábẹ́ ẹrù náà tẹ́lẹ̀. Ìgbẹ́kẹ̀lé kì í ṣe ìmọ̀lára tí a jókòó dè kí ó wá bá wa. Iṣẹ́ ni, bí a ti ń ṣe é ni ó ń dàgbà. Níbi tí ojú kò bá sí, ẹrù lọ̀rọ̀ wà.

Àwọn baba wa mọ èyí lóko. Nínú àáró, àwọn ọ̀rẹ́ a máa gbé ọkọ́ lọ sí oko ara wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, oko tèmi lónìí, oko tìrẹ lọ́túnla. Bí ẹnì kan kò bá yọjú, wọn kì í kọ́kọ́ pè é ní ọ̀lẹ, ilé rẹ̀ ni wọ́n ń lọ, láti wò ó bóyá ara rẹ̀ le. Àwọn ọmọ wa tí wọ́n ń bá àwọn ará òkèèrè ṣiṣẹ́ lónìí nílò irú ọkàn bẹ́ẹ̀ ju ẹ̀rọ tuntun lọ. Nígbà ooru ilẹ̀ Amẹ́ríkà, aago mẹ́sàn-án òwúrọ̀ ní Èkó, aago mẹ́ta òru ni ní Houston: ẹni tí kò dáhùn lè wà lójú oorun. Ẹni tí kò dáhùn ní Ìbàdàn lè jẹ́ pé iná ọba ni kò sí láti àná, tí epo jẹnẹrétọ̀ sì ti gbẹ. Ẹni tí ó dákẹ́ pátápátá lè jẹ́ ẹni tí ìrònú ti bò mọ́lẹ̀ tí kò sì mọ bí yóò ti sọ ọ́. Yorùbá kì í kọjá lára ẹni tí ó wà lẹ́nu iṣẹ́ láìkí i pé ẹ kú iṣẹ́, ì báà jẹ́ àjèjì ni ẹni náà. Ṣùgbọ́n lójoojúmọ́ ni à ń kọjá lára ẹgbẹẹgbẹ̀rún òṣìṣẹ́ lórí ayélujára tí à ń jẹ nínú làálàá wọn, tí a kò sì kí wọn, àyàfi ní ọjọ́ tí nǹkan bá bàjẹ́, tí a ó fi ariwo bá wọn. Kì í ṣe ọ̀nà ọmọlúàbí nìyẹn, kì í sì í ṣe ọ̀nà ọmọ Ọlọ́run.

Ẹ̀yin tí ẹ jẹ́ ọ̀gá lórí irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀, ẹ máa dárúkọ ẹni tí ó ṣiṣẹ́ níwájú gbogbo ẹgbẹ́, ẹ má ṣe jẹ́ kí ìmọ̀ iṣẹ́ kan wà lórí ẹnì kan ṣoṣo, ẹ sì san owó fún iṣẹ́ tí ẹ ń jẹ nínú rẹ̀, nítorí gbèsè ni. Ẹ̀yin tí ẹ jẹ́ òṣìṣẹ́, ẹ fi orúkọ yín dúró lẹ́yìn iṣẹ́ ọwọ́ yín, ẹ ṣe é bí ẹni tí Olódùmarè ń wò nígbà tí ojú ènìyàn kò sí níbẹ̀, nígbà tí ó bá sì rẹ̀ yín, ẹ sọ ọ́ jáde láìtijú. Àti gbogbo wa, kí a tó bèèrè bóyá alájọṣe wa ṣeé gbẹ́kẹ̀ lé, ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ bèèrè bóyá ó ti rẹ̀ ẹ́, kí a sì gba apá kan nínú ohun tí ó wà lórí rẹ̀, kí ẹni tí kò fẹ́ràn rẹ̀ tó wá gbà á.